Ìwé Àdéhùn Tí Bàbá Mi Gbé Lọ sí Yunifásítì

Mo ní ẹ̀sùn kan tí mi ò tíì rí ẹni tó jókòó gbọ́ ọ tán. Ẹ̀rín ni àwọn ará ilé wa máa ń fi gé e. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sí kíláàsì," ẹ̀rín á ti gba gbogbo ilé, ẹnì kan á máa fọwọ́ lu itan, ẹlòmíì á ní, "Múínà, o ò tíì gbàgbé?" Mi ò gbàgbé. Mo ti di ẹni tó ń wọ bàtà onírin lọ síbi iṣẹ́, mo ti bímọ, mi ò sì gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́dún náà. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀ mí, wọn ò sì sinmi títí aago mẹ́jọ fi kọjá. Mo mọ ẹni tó ṣẹ èyí tó ṣẹ. Nísinsìnyí tó jẹ́ pé ìwé àti bírò ló wà lọ́wọ́ mi, tí kò sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rín gé mi, màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Agége ni ilé wa wà, ní àdúgbò kan tí a ti máa ń gbọ́ igbe màlúù tí wọ́n ń kó lọ pa ní Oko Ọba kí ìrun àsùbáà tó parí. Yàrá méje ló wà lápá ọ̀tún, méje lápá òsì, pásẹ́jì tóóró kan wà láàárín, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwa tí a ń gbé ibẹ̀. Àwa la ni yàrá méjì tó kọjú sí títì, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi wà níwájú ilé. Rìwáyà ni Bàbá mi. Bí pọ́ǹpù omi ẹnì kan bá jóná, tàbí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń yí nǹkan ní ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń gbé e wá. Wọ́n á tú wáyà kọ́pà tó ti jó kúrò nínú ikùn rẹ̀, wọ́n á wé tuntun sí i, wọ́n á da fánísì lé e lórí, wọ́n á sá a sóòrùn, ẹ̀rọ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tó jí lójú oorun. Òórùn fánísì yẹn wà lára aṣọ wa, ó wà lára ìrọ̀rí, ó wà nínú ògì tí a ń mu láàárọ̀. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ìhà Ìkẹjà, òórùn bísíkíìtì tí wọ́n ń yan ní ilé iṣẹ́ kan á dà pọ̀ mọ́ ọn, a ó wá máa mu ògì tó ní fánísì àti bísíkíìtì nínú láìjẹ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìró kíkà ni mo fi mọ ilé wa jù. Bí Bàbá mi bá ń wé wáyà, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye ìgbà tó yí, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Nítorí náà, òfin wà nínú ọgbà wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí wọn tí wọ́n bá ń kà. Ọmọ tó bá dé láti ilé kéwú á kàn kúnlẹ̀ ni, kò ní yanu. Àlejò tó bá kígbe pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Rìwáyà," á gbọ́ "mẹ́tàdínlógójì, méjìdínlógójì" dípò ìdáhùn, á sì rò pé orí wọn ti dàrú. Àwa ọmọ náà ń kà. Bí ẹ̀rọ tó jóná bá dé, iṣẹ́ tèmi ni láti tú wáyà àtijọ́, kí n máa ká a mọ́ igi, kí n máa kà á, kí n wá sọ iye rẹ̀. Mo ti ń ṣe é kí n tó pé ọdún mẹ́jọ. Mo lè kà á kí n máa jẹ gúgúrú.

Ìdí tí a fi ń ka ti àtijọ́ nìyí, òun gan-an sì ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ìṣirò kan wà tí èèyàn fi ń mọ iye tí wáyà gbọ́dọ̀ yí láìjẹ́ pé ó rí ti àtijọ́ rárá, ọ̀gá tó kọ́ Bàbá mi níṣẹ́ ní Dopemu sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kò sígbà kan tí ọ̀gá náà fẹ́ mú bírò láti ṣírò tí kì í ní kí Bàbá mi lọ ra omi wá, kó lọ wo bóyá iná ti dé lódìkejì títì, kó lọ pe ìyàwó òun wá. Tí wọ́n bá fi máa padà dé, ìwé ti wọ àpò. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n kọ sínú àdéhùn wọn. Òjò wọ inú àpótí tí ìwé náà wà, ó pa á rẹ́. Ọ̀gá ní òun ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ mọ́, pé bí òun ṣe rántí, kò sí mẹ́rin níbẹ̀. Ọdún méje ni Bàbá mi lò, wọn ò sì mọ ìṣirò náà. Wọ́n wá di ọ̀gá fúnra wọn, ọwọ́ wọn dáa, ìwà wọn dáa, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kan bá jóná débi pé wáyà rẹ̀ yọ́ mọ́ra tí kò ṣe é kà, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á wá sọ fún oníǹkan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé kó máa gbé e lọ. Mo rí ojú wọn nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń rojọ́ yìí, mo rí i, mo sì tún ń rojọ́.

Nígbà tí orúkọ mi wá jáde pé mo wọ yunifásítì, pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ni màá kà, mo rò pé ohun tó dára dé sí wa ni. Mo tẹ̀lé gbogbo ìlànà. Mo mọ yàrá, mo mọ aago, mo ti lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn wọ́kìṣọ́ọ̀bù náà: kíláàsì àkọ́kọ́, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, ilẹ̀kùn á tì ní aago mẹ́jọ, ẹni tí kò bá fọwọ́ sí ìwé orúkọ lọ́jọ́ náà kò ní ní ipò nídìí ẹ̀rọ, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo délé, mo kà á fún gbogbo wọn létí. Ìyá mi ní àwọn gbọ́. Bàbá mi ní àwọn gbọ́. Ẹ fi í sọ́kàn pé wọ́n gbọ́.

Ní aago márùn-ún àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Màmá Sùwé lu ilẹ̀kùn. Màmá Sùwé ni ẹ̀gbọ́n Bàbá mi obìnrin, pọ̀nmọ́ ni wọ́n ń rà ní Oko Ọba tí wọ́n ń tà, kò sì sí ohun tí a ń ṣe nínú ọgbà yẹn tí ẹnu wọn kì í dé. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá wọn nínú ìró àti bùbá léèsì pẹ̀lú gèlè, ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Níbo la ń lọ, wí pé níbo la ń lọ. Ìwọ ò tíì wẹ̀?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bà jẹ́. Mo wo ẹ̀yìn wọn, mo rí Bàbá mi nínú agbádá tí wọ́n fi ń kírun Iléyá. Mo rí páálí míńírà kan àti bísíkíìtì lórí rẹ̀. Mo rí ike ńlá kan tí pọ̀nmọ́ kún inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dàgbà nídìí iṣẹ́ ọwọ́ mọ ẹrù yẹn. Ẹrù tí wọ́n fi ń fa ọmọ lé ọ̀gá lọ́wọ́ ni.

"Bàbá," mo ní, "yunifásítì ni o. Wọn kì í fa èèyàn léni lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti gbà mí wọlé, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

"Ta ló fún ọ níwèé ọ̀hún?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló máa kọ́ ọ níṣẹ́?"

"Rárá, sà."

"Ẹni tó máa kọ́ ọ níṣẹ́, ṣé ó ti rí bàbá ẹ rí?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Màmá Sùwé gbà á lẹ́nu wọn. "Tí wọ́n bá sọ ẹ́ nù síbẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ta ni ká ti béèrè ẹ? Ká lọ máa pe kọ̀ǹpútà ní gbangba?" Ni Ìyá mi bá rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Mo ka ẹ̀rín yẹn mọ́ ọn.

Mo sá wẹ̀. Èmi ni ẹni karùn-ún lórí ìlà balùwẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ti bẹ ìyá Kúdí ní yàrá kejìlá láti alẹ́ àná kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé, ó gbà, ó sì wọlé ṣáájú mi, ó tún kọ orin níbẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo lọ̀ fúnra mi. Ìyá mi ní mi ò ní jáde láìjẹun. Mo ní kò sáyè. Wọ́n gbé àkàrà àti ògì ka iwájú mi, wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń wò mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni a tún ń dúró de Làmídì, oníbàárà Bàbá mi kan tó ní píkọ́ọ̀pù, tó ti ṣèlérí pé òun máa gbé wa. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ló dé, tó yẹ kó jẹ́ mẹ́fà ààbọ̀, ó sì gbé pọ́ǹpù kan tó jóná sẹ́yìn ọkọ̀ náà pé bóyá Bàbá mi á lè máa wò ó lọ́nà. Iwájú kún. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi èmi àti pọ́ǹpù sí. Nígbà tí a fi máa dé Ìkẹjà, girísì ti fa ìlà dúdú kan sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, láti èjìká dé ìgbáròkó. Tí mo bá sọ èyí fún Làmídì lónìí, á ní òun ló kọ́kọ́ sọ mí di ẹnjiníà.

Ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni a tún ti dúró. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí ni ọkọ̀ wa gbé. Màmá Sùwé ní, "Ọmọ la gbé." Ọkùnrin náà tọ́ka sí ike. "Ìyẹn náà, ọmọ ni?" Màmá Sùwé ṣí ike, wọ́n fún un ní pọ̀nmọ́ méjì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè ìlú rẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ni. Wọ́n mọ ẹnì kan ní Ọ̀yọ́. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń sá lọ. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá mi lẹ́yìn pé, "Múínà! Dúró! Ta ló ń ṣáájú ẹni tó fẹ́ fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́?" Èyí sì ni wọ́n fi ń bú mi jù títí dòní: mo dúró. Ọmọ rere ni mí. Mo dúró dè wọ́n.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni a dé iwájú wọ́kìṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn ti tì. Fèrèsé lúfà wà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé náà, mo sì ń rí orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú, ọgọ́ta ó kéré tán, wọ́n jókòó sórí àga gíga nídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mo rí ẹni tó ń gba ìwé kan, tó ń kọ nǹkan sí i, tó ń nà án sí ẹni kejì. Ìwé orúkọ ni. Mo bú sẹ́kún. Mi ò ní purọ́, mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, ẹkún ìbínú. Mo ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Mo sọ fún yín! Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi! Ọdún kan gbáko!" Ìyá mi na ọwọ́ sí mi, mo yọ èjìká kúrò. Bàbá mi tún agbádá wọn gbé sí èjìká, wọ́n lọ síbi ilẹ̀kùn, wọ́n sì kàn án bí ẹni ń kan irin.

Obìnrin kúkúrú kan ló ṣílẹ̀kùn. Ó wọ ovaróòlù aláwọ̀ aró, ó so gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́rùn. Dókítà Ọdúnùgà nìyẹn, mo mọ orúkọ rẹ̀ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ọkùnrin ni mo sì ti rò pé ó jẹ́.

"Aago mẹ́jọ ni mo wí," Dókítà ní.

"Ẹ káàárọ̀ mà," Bàbá mi ní. "Ọ̀gá la wá rí."

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Èmi ni."

Bàbá mi wò ó. Wọn ò wo ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n wò. Girísì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Mo rí i tí èjìká Bàbá mi wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n tẹrí ba. "Ọmọ mi la wá fà lé yín lọ́wọ́," wọ́n ní, Ìyá mi sì ti kúnlẹ̀, Màmá Sùwé ti gbé ike sílẹ̀, Làmídì ti gbé páálí míńírà lé ẹsẹ̀ obìnrin náà. Nínú wọ́kìṣọ́ọ̀bù, àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọ kíláàsì ń dìde wá sídìí lúfà. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ní, "Ìgbéyàwó ni?" Ẹlòmíì ní, "Ìdáná ni. Dókítà ń gba ìyàwó!" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ ya.

"Bàbá," Dókítà ní, "yunifásítì ni èyí o. A kì í gba míńírà lọ́wọ́ òbí."

"Ẹ má gbà á. Ẹ ka ìwé yìí."

Wọ́n kó ọwọ́ bọ abẹ́ agbádá, wọ́n fa ìwé àdéhùn yọ. Èmi pàápàá kò rí i rí. Wọ́n ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní ọjà Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n sì ti ní kó fi rọ́bà bò ó lójú méjèèjì, kí òjò kankan má lè pa á rẹ́. Ó ń dán yanran. Dókítà gbé gíláàsì sójú. Mo rò pé á fi wá ṣẹ̀sín ni, pé á fà á padà fún wọn, á sì ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ń kà á sókè. Pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ mú ọmọ yìí lọ sílé òun lọ fọ aṣọ tàbí pọn ọmọ. Pé bí ó bá ṣe àṣìṣe, kí ọ̀gá fi ẹnu bá a wí, kó má fi sípánà lu orí rẹ̀. Dókítà gbé ojú sókè níbẹ̀, ó rí àpá kékeré tó wà níwájú orí Bàbá mi, ó tún gbé ojú sílẹ̀. Pé ọdún márùn-ún gééré ni ọmọ yìí máa lò, kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan lé. Pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pamọ́ fún un nínú iṣẹ́ náà, kò sì gbọdọ̀ rán an níṣẹ́ nígbà tí ìṣirò bá ń lọ lọ́wọ́. Pé bí ó bá parí, kí ọ̀gá ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un ní gbangba, kí gbogbo ayé rí i.

Nígbà tó kà á tán, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́ nídìí lúfà.

"Èyí tó ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́," Dókítà ní, "mo lè fọwọ́ sí i. Ti sípánà náà, mo lè fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Bàbá, mi ò lè fọwọ́ sí ọdún márùn-ún."

"Kí ló dé?"

"Ìyanṣẹ́lódì wà."

"Ìyanṣẹ́ ti ta ni?"

"Tiwa. Ti àwa olùkọ́."

Bàbá mi rò ó. "Ẹ̀yin ọ̀gá lẹ máa yanṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọmọ ẹ̀kọ́ á wá jókòó sílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Fún ọjọ́ mélòó?"

"Bàbá, ó lè tó oṣù mẹ́jọ. Mi ò mọ̀. Ohun tí a ń bá ìjọba fà, mi ò mọ ìgbà tó máa parí. Tí mo bá fọwọ́ sí ọdún márùn-ún, irọ́ ni mo pa fún yín."

Màmá Sùwé pàtẹ́wọ́. "Háà! Ọ̀gá Dopemu gan-an kò dé ibẹ̀ yẹn."

Mo mọ ohun tí Bàbá mi ń rò, ẹ̀rù sì bà mí ju ti ilẹ̀kùn tó tì lọ. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú mi ní àìmọye ìgbà pé ọ̀gá tí kò bá lè sọ ọjọ́ tí òun máa dá ọmọ sílẹ̀, wọn ò ní fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún un. Làmídì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé páálí míńírà padà. Bí Bàbá mi bá yí ẹ̀yìn padà báyìí, mo ti padà sídìí wáyà kíkà nìyẹn, bóyá fún ọdún kan, bóyá títí ayé. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀, láti orí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi máa ń bá Bàbá mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá nìkan: "Bàbá Múínà. Ọ̀gá yín ní Dopemu, ṣebí ó fọwọ́ sí ọdún mẹ́rin?"

Bàbá mi fi ọwọ́ kan àpá iwájú orí wọn. Mo ka ìṣẹ́jú náà, nítorí pé kíkà ni iṣẹ́ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ó fọwọ́ sí i wéré. Ó tún ń rẹ́rìn-ín." Wọ́n yíjú sí Dókítà. "Ẹ pa ti ọdún rẹ́. Ẹ fọwọ́ sí èyí tẹ́ ẹ bá lè ṣe."

Dókítà fa bírò yọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Bírò yọ̀. Ó tún un tẹ̀, kò kọ. "Bàbá, ẹ ti fi rọ́bà bò ó. Níbo ni mo fẹ́ fọwọ́ sí?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi wo ìwé náà, wọ́n wo Màmá Sùwé, bí ẹni pé àwọn ló fi rọ́bà bò ó. Òjò ni wọ́n rò, wọn ò ro bírò. Ni wọ́n bá kó ọwọ́ bọ àpò, wọ́n mú máákà dúdú tí wọ́n fi ń kọ orúkọ oníbàárà sára ẹ̀rọ jáde, wọ́n nà án sí i. Dókítà fa ìlà gbọọrọ kan lórí ọdún márùn-ún. Ó wá kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sípánà àti èyí tó ní kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pamọ́, lẹ́tà ńlá ńlá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. Bàbá mi mú ọwọ́ mi, èyí tó mọ́ díẹ̀ nínú méjèèjì, wọ́n fi í sí ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin náà le bí ọwọ́ tiwọn.

Kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò gbàgbé ìkankan: ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́rin ni mo lò. Ìyanṣẹ́lódì mẹ́ta ni, mo sì mọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ bá ìjọba, mo ní ọ̀rọ̀ bá àwọn olùkọ́, mo ní ọ̀rọ̀ bá ẹni tó ń pa iná ilé ìwé nígbà tó bá wù ú. Dókítà Ọdúnùgà nìkan ni mi ò ní ẹ̀sùn lòdì sí. Ohun tó ní òun ò lè ṣe, kò ṣe é lóòótọ́. Ohun tó fọwọ́ sí, ó ṣe é. Ìgbà kan wà tí ó ń ṣírò lójú pátákó tí ẹnì kan wá pè é ní ọ́fíìsì, ó ní kí onítọ̀hún jókòó kí òun parí rẹ̀ lójú wa. Ó wò mí bó ṣe sọ ọ́; èmi nìkan ni ìdí rẹ̀ yé.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo kàn wọlé ni. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, mo gba àárín ọgọ́ta èèyàn kọjá pẹ̀lú ìlà girísì lára ṣẹ́ẹ̀tì mi àti ojú tó wú, mo ń retí èébú. Ọmọkùnrin kan ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé, "Ọmọ àgírímẹ́ǹtì ti dé," orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ mi fún gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀. Mo rí àga kan tó ṣófo lẹ́yìn pátápátá. Mo gun orí rẹ̀. Dókítà padà síwájú, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ni ọmọkùnrin gíga kan tó wà nídìí fèrèsé bá gbé ọwọ́ sókè. Mo ti múra ọkàn mi sílẹ̀ fún yẹ̀yẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí yẹn, pé ẹ ò ní fi nǹkan kan pamọ́. Ṣé ó kan àwa náà?"

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kú. Gbogbo wọn ń wo Dókítà. Wọ́n fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ó kàn yín," Dókítà ní. "Jókòó."

Láti ìta, mo gbọ́ Màmá Sùwé tí wọ́n ń bá obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ná pọ̀nmọ́, mo gbọ́ Làmídì tó ń tan ọkọ̀, tí kò sì tètè ṣiṣẹ́. Mi ò gbọ́ ohùn Bàbá mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti wà nínú ọkọ̀, wọ́n gbé ìwé yẹn lé itan. Ọmọbìnrin tó jókòó ṣáájú mi yíjú padà, ó na ìwé orúkọ sí mi. Ìlà kan ṣoṣo ló kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Aago ara ògiri wà ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo fọwọ́ sí i, mo sì mí èémí kan tó jinlẹ̀ débi pé ọmọbìnrin náà béèrè bóyá mo sáré wá ni.

"Rárá," mo ní. "Wọ́n sìn mí wá ni."